Ẹnu àti Ẹsẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ra Awò Awọ̀nàjíjìn Àkọ́kọ́ fún Wíwo Ìràwọ̀ l'Óṣogbo

Ẹni tó bá lọ ra àgbò Iléyá, ẹnu àgbò ló kọ́kọ́ ń là wò. Lẹ́yìn náà á ní kí wọ́n fà á rìn síwá sẹ́yìn kí òun lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó nítorí pé àgbò mọ igbe ké. Ṣùgbọ́n tó bá kan awò awọ̀nàjíjìn, ìyẹn tẹlisikóòpù tí à ń fi wo òṣùpá àti ìràwọ̀, igbe ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. A rí "525x" gàdàgbà lára páálí, a rí àwòrán aláwọ̀ mèremère lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, owó ti jáde lápò.

Èmi náà ra igbe. Ẹnu awò mi àkọ́kọ́ kò ju mílímítà 60 lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tín-ín-rín bí ti lékeléke. Alẹ́ tí mo gbé e jáde ní Òkè-Baálẹ̀, Júpítà ń gbọ̀n nínú rẹ̀ bí ewé. Kí n tó fọwọ́ tún un ṣe, ó ti sá lọ. Odidi oṣù méjì ni mo fi rò pé ojú mi ni kò dáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò pọ̀: ẹ wo ẹnu awò, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rántí pé ojú ọ̀run tiwa l'Óṣogbo yàtọ̀ sí ti àwọn tó kọ ìwé ìlò tó wà nínú páálí náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ má tíì ná kọ́bọ̀

Ẹ fún ojú yín lóṣù kan ná. Ẹ gba áàpù Stellarium sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ fún un pé Òṣogbo lẹ wà, yóò sì fi gbogbo ohun tó wà lókè orí yín hàn yín, láago yòówù tí ẹ bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ wà ní pupa, ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ojú ènìyàn nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára, iná funfun kan péré sì lè dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárín December sí April, ẹ wá àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ lórí ìlà kan, tí wọ́n máa ń wà súnmọ́ àárín orí wa gan-an. Ìgbànú Orion nìyẹn. Ẹ tẹ̀ lé ìlà náà lọ sápá gúúsù, ẹ ó bá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ ní gbogbo ojú ọ̀run, Sirius, tí àwọn àgbà kan ń pè ní ìràwọ̀ ọkọ̀. Ní ti àgùàlà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Òwe ti sọ fún wa pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Kì í ṣe ajá òṣùpá, kì í sì í ṣe ìràwọ̀: pílánẹ́ẹ̀tì Venus ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ẹ ti mọ pílánẹ́ẹ̀tì kan nìyẹn kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Nínú oṣù kan yẹn náà lẹ ó mọ ibi tí ẹ ó máa dúró sí. Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá Ọlá-Ìyá tàbí Òkè-Fìà yóò rí òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì dáadáa, nítorí iná ìgboro kò lè pa ìmọ́lẹ̀ wọn. Àmọ́ bí ó bá fẹ́ rí ìkùukùu ìràwọ̀ tó ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn gáàsì àti eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀, á ní láti jáde lọ sápá ọ̀nà Ìbòkun tàbí ọ̀nà Ìlobùú, níbi tí ojú ọ̀run ti ń dúdú bí aró. Tàbí kí ó dúró de àwọn tó ń mú iná lọ. Alẹ́ tí iná bá lọ ládùúgbò ni ìràwọ̀ ń jáde wá kí wa, títí àwọn aládùúgbò á fi tan jẹnẹrétọ̀, tí èéfín á sì bo ohun gbogbo.

Ẹ tún ṣọ́ òrùlé páànù. Oòrùn ti yan án láti àárọ̀, ooru á sì máa gòkè kúrò lórí rẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ bá wò gba òkè òrùlé bẹ́ẹ̀ yóò máa jó bí ohun tí à ń wò láti ẹ̀yìn iná ààrò. Dẹ́kìnnì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó ní koríko ló dáa jù.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò ní bá nínú ìwé ìlò kankan: ẹ sọ fún àwọn ará ilé àti àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dúró nínú òkùnkùn láago mọ́kànlá òru, tó gbé ohun gbọọrọ dúdú kan dojú kọ ojú fèrèsé ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ ní àlàyé tó yá. Èmi pe baba ọlọ́dẹ wa wá wo òṣùpá. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń bi mí pé, "Kò sí òṣùpá lónìí ni?"

Ìgbà ńkọ́? Láti nǹkan bí ìparí November títí wọ February, ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀. Ojú ọ̀run á funfun bí ẹni da ẹlùbọ́ sí i. Òṣùpá àti Júpítà á ṣì là á kọjá, ìràwọ̀ kéékèèké kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀. July, August àti September, ìkùukùu ò ní gbà. Ẹni tó bá wá ṣọdún Ọ̀ṣun lóṣù August kó má dìídì gbé awò dání. Àkókò tí mo fẹ́ràn jù ni ìparí October wọ November, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run tán tí ọyẹ́ kò tíì dé, àti àwọn alẹ́ March sí May tí òjò bá rọ̀ lọ́sàn-án tó sì dá.

Bí owó kò bá tíì tó, tàbí bí ẹ kò bá dá a lójú pé ẹ ó máa jáde lóru, ẹ ra awò olójú méjì tí wọ́n kọ 10x50 sí lára. 10 ni iye ìlọ́po tó fi ń sọ nǹkan di ńlá, 50 ni fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ ní mílímítà. Ó ń fi kòtò ojú òṣùpá hàn, ó ń fi àwọn òṣùpá Júpítà hàn bí ẹ bá fi ìgúnpá ti ògiri kí ọwọ́ má gbọ̀n, ọjọ́ tí ìràwọ̀ bá sì sú yín, ẹ lè fi wo ẹyẹ nínú igbó Ọ̀ṣun. Mo ti rí ẹni tó ra irú rẹ̀ tí kò wá awò mìíràn mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹnu awò

Ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù lára awò ni fífẹ̀ léǹsì tàbí dígí ńlá tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹnu awò ni mò ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ dà bí omi ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀: ẹni tó gbé ife sábẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó gbé bàsíà, òjò kan náà ló ń rọ̀ fún wọn, àmọ́ wọn kì í gbé iye omi kan náà wọlé. Fífẹ̀ ojú ohun tí a gbé síta ló ń ka iye, nítorí náà awò tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mm 130 kì í kó ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì ti mm 60, ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ lé díẹ̀ ló ń kó. Ibẹ̀ ni owó yín gbọ́dọ̀ lọ.

Awò mm 60 tàbí 70 tó dúró dáadáa yóò fi kòtò àti òkè òṣùpá hàn yín, àti òrùka Sátọ̀n, àti bí àgùàlà ṣe máa ń dín kù di bí òṣùpá ọ̀tun. Yóò fi òṣùpá mẹ́rin tó yí Júpítà ká hàn, Io, Europa, Ganymede àti Callisto, àwọn tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí ní January 1610 pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní nǹkan bí ìlọ́po 20 péré. Ẹ fojú bù ú: ìlọ́po 20 ló yí èrò aráyé padà, páálí wá ń pariwo 525.

Láti mm 114 sí 130, àwọn ìlà tó wà lára Júpítà á yọ, ìkùukùu Orion á tàn bí èéfín tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá, àti Omega Centauri, àgbájọ ìràwọ̀ tí àwọn ará London kò lè rí láéláé láti ilé wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká bí iyọ̀ lórí aṣọ dúdú. Láti April sí June ló ń ga tó lápá gúúsù wa lálẹ́. Mm 150 tún dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mm 200 jẹ́ ohun ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ní láti gbé e sọ̀kalẹ̀ kọjá àtẹ̀gùn tí àwọn ará ilé to kẹ́ẹ̀gì omi sí, kó rò ó dáadáa. Awò tí ẹ lè gbé jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ ó máa lò.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ má ra ohun tó kéré ju mm 70 lọ, bí ọwọ́ yín bá sì tó o, ẹ bọ́ sí mm 114 tàbí 130 kí ẹ dúró síbẹ̀.

Ẹ má retí àwọ̀. Àwòrán pupa àti búlúù tó wà lára páálí, kámẹ́rà tó la ojú sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ ló yà á. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Andromeda, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 2.5 kó tó wọ ojú yín, bí àbàwọ́n eérú ló máa rí. Ẹni tí ìyẹn kò bá tó fún, kó má náwó rẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: léǹsì tàbí dígí

Èyí kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Awò oníléǹsì ní léǹsì níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń wò ó. Kò nílò àtúntò, ó rọrùn láti tọ́jú, àmọ́ bí ẹnu rẹ̀ bá ti ń fẹ̀ ni owó rẹ̀ ń fò sókè. Awò onídígí ní dígí oníkòtò nísàlẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè, ẹ̀gbẹ́ la sì ti ń wò ó. Isaac Newton ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1668. Owó kan náà yóò ra ẹnu tó fẹ̀ ju ti oníléǹsì lọ dáadáa. Ìṣòro rẹ̀ ni pé dígí náà lè yẹ̀ nínú ìrìnnà, pàápàá bí ó bá ti Èkó wá lórí àwọn ọ̀nà wa, ẹ ó sì ní láti kọ́ bí a ṣe ń fi súkúrù mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ tò ó padà. Kò le ju kí a tún okùn rédíò so.

Ẹ̀tàn kan wà láàárín àwọn onídígí. Ìwé ara awò á sọ pé F=1000mm, ìyẹn gígùn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn kó tó kóra jọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi rúlà wọn ara awò náà, kò ní ju ìdajì mítà lọ. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ìdajì yòókù wà. Léǹsì kékeré kan ni wọ́n fi pamọ́ sínú ibi ìwò láti fà á gùn, ó sì máa ń ba àwòrán jẹ́, ó tún ń sọ àtúntò di iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Awò onídígí lásán tó jẹ́ 650mm, ara rẹ̀ yẹ kó súnmọ́ gígùn yẹn nígbà tí ẹ bá ti nà án tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹsẹ̀ awò

Ibí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò, ibí náà sì ni ìyàtọ̀ Òṣogbo ti hàn jù.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà ṣe ẹsẹ̀ awò. Ọ̀kan kò ní wàhálà: ẹ gbé awò sókè, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. AZ ni wọ́n ń kọ sí i lára. Èkejì ni EQ. Ó ní irin wúwo tó ń so rọ̀ lẹ́yìn, ó sì ní òpó kan tí a gbọ́dọ̀ dojú rẹ̀ kọ ìràwọ̀ àríwá, Polaris, nítorí ẹ̀bá ibẹ̀ ni gbogbo ojú ọ̀run ń yí lé lórí. Bí a bá tò ó bó ṣe yẹ, ohun kan ṣoṣo la ó máa yí láti máa tẹ̀ lé ìràwọ̀ bí ó ṣe ń lọ.

Lọ́dọ̀ àwọn ará London, Polaris ga ju ìdajì ojú ọ̀run lọ, kò sí bí wọn kò ṣe ní rí i. Òṣogbo kò jìnnà sí agbedeméjì ayé ju nǹkan bí dígírì 8 lọ, nítorí náà dígírì 8 yẹn náà ni Polaris fi ga sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ na apá yín síwájú gbọọrọ, ẹ di ìkúùkù: kò tó ìkúùkù kan lókè ilẹ̀. Òrùlé aládùúgbò ti bò ó, ọ̀pẹ ti bò ó, bí méjèèjì kò bá sì sí, ìkùukùu àti eruku etí ilẹ̀ ti gbé e mì. Òpó EQ tí wọ́n fẹ́ kó dúró ní ìdajì á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú kò lè rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, èyí tó bá sì rẹlẹ̀, irin ẹ̀yìn rẹ̀ á máa kọ lu ẹsẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tò ó kó tó fi í gbé aṣọ sá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, ẹ jìnnà sí EQ, bó ti wù kó rí bí ohun ọ̀jọ̀gbọ́n tó.

Ohun tó yẹ wá jù lọ ni ohun tí John Dobson fi tọrẹ. Mọ́ńkì ni ní San Francisco títí di 1967. Dígí fèrèsé ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti jù nù, páálí róbótó àti pákó lásán ló fi ń ṣe awò ńláńlá, ó sì ń gbé wọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ẹni tó ń kọjá lọ lè wo òṣùpá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdúró pákó rẹ̀, tí à ń pè ní Dobsonian, kò ní ẹsẹ̀ mẹ́ta rárá. Àpótí ni, ó ń yí lórí ilẹ̀ bí ọlọ, awò sì ń gòkè gúnlẹ̀ nínú rẹ̀. Kì í gbọ̀n. Bí ó bá bàjẹ́, káfíńtà yòówù l'Óṣogbo lè tún un ṣe lọ́jọ́ kan pẹ̀lú pákó àti ègé fọ́míkà.

Àwọn kéékèèké wà tí à ń gbé lé orí tábìlì. Sky-Watcher Heritage 130P jẹ́ ọ̀kan: ẹnu mm 130, gígùn ìmọ́lẹ̀ mm 650, ó sì ń pa pọ̀ di kékeré fún ìrìnnà. Tábìlì oníke kò lè gbà á, nítorí ó ń mì. Èmi dojú odó iyán dé, mo gbé e lé ìdí rẹ̀, mo jókòó sórí àpótí. Kò sí tábìlì tó dúró gbọn-in tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kò fẹ́ràn ohun tí mo ń fi odó òun ṣe, ìyẹn ọ̀rọ̀ ilé wa.

Ohun kan tún wà nípa orí wa níhìn-ín. Nítorí a súnmọ́ agbedeméjì ayé, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì máa ń gba òkè orí wa kọjá. Kò sí ọdún tí Júpítà kì í gòkè tó nǹkan bí dígírì 60 lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ló láwọn ọdún tí àwọn ará London ń wò ó létí ilẹ̀, láàárín èéfín. Èrè ńlá ni, nítorí bí nǹkan bá ti ga tó ni afẹ́fẹ́ tó wà láàárín àwa àti òun ń dín kù tó. Àmọ́ ọrùn ló ń san owó rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra oníléǹsì, ẹ wo dígí kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sápá kan: ọ̀pọ̀ páálí ń fi ti dígírì 45 sí i, tó dáa fún wíwo òkè àti ẹyẹ. Tó bá di ohun tó wà lókè orí, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Ti dígírì 90 ni kí ẹ béèrè. Ẹ sì gbé awò náà dojú sókè pátápátá kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé ìdí rẹ̀ kò kọ lu ẹsẹ̀. Dobsonian pàápàá ń ṣagídí díẹ̀ bí ó bá dojú kọ àárín orí gan-an. Ẹ dúró fún wákàtí kan, ojú ọ̀run á yí dígírì 15, ìṣòro ti tán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣírò igbe páálí

Léǹsì kékeré kan wà tí à ń kì bọ ibi ìwò, eyepiece ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Òun ló ń pinnu ìlọ́po. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ pín gígùn ìmọ́lẹ̀ awò. Awò mm 650 pẹ̀lú léǹsì mm 25 yóò fún yín ní ìlọ́po 26. Pẹ̀lú mm 10, ìlọ́po 65. Ó parí.

Báwo ni 525 ṣe wá dé? Awò mm 700, léǹsì mm 4, ó di 175. Wọ́n tún ju léǹsì Barlow onílọ́po mẹ́ta sínú páálí, 175 lọ́nà mẹ́ta sì jẹ́ 525. Ìṣirò náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n awò kì í lè fi ohun tó nítumọ̀ hàn ju nǹkan bí ìlọ́po méjì fún mílímítà kọ̀ọ̀kan ẹnu rẹ̀ lọ: ẹnu mm 60, òpin rẹ̀ ni 120. Lẹ́yìn ìyẹn, omi lẹ ń bù sọ́bẹ̀. Òṣùpá á tóbi, á ṣókùnkùn, á sì di rúdurùdu, afẹ́fẹ́ kékeré kan á sì gbá a jáde lójú awò.

Láàárín ìlọ́po 25 àti 100 ni ẹ ó ti máa gbádùn jù. Léǹsì méjì tó dáa, bíi mm 25 àti mm 10, sàn ju márùn-ún olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ wo ìdí wọn: kó jẹ́ ínǹṣì 1.25. Tó bá jẹ́ 0.965, ògbólógbòó ìwọ̀n ni, ẹ kò ní rí irú rẹ̀ rà mọ́ bí ọ̀kan bá sọnù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: níwájú ọlọ́jà

Ẹ lè rí tòkunbọ̀, ẹ lè ní kí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun bá yín gbé e bọ̀, ẹ sì lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Èkó. Bí ẹ bá lè fojú rí i kí ẹ tó sanwó, ẹ mú rúlà àti tọ́ọ̀ṣì dání.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wọ ẹnu rẹ̀. Eruku díẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Èyí tó yẹ kó lé yín sá ni èyí tó ti bu, tó ní nǹkan funfun tó ta gbòǹgbò lójú léǹsì bí ti búrẹ́dì ọlọ́jọ́ pípẹ́, tàbí dígí tí ohun dídán tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ fi rúlà wọn ẹnu, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ. Ẹ tò ó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jìnnà, ẹ fi ìka ta ara awò pẹ́ẹ́, kí ẹ máa kà. Bí àwòrán kò bá tíì dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dáa, ẹ fún un padà. Bí òpó náà bá dorí kodò nínú awò onídígí, ẹ má bínú sí ọlọ́jà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ìràwọ̀ kò sì ní òkè àti ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá rí dígí dúdú kékeré kan tí wọ́n kọ "Sun" sí lára nínú páálí náà, tí wọ́n ní kí ẹ dè mọ́ léǹsì ibi ìwò, ẹ fọ́ ọ kí ẹ sì jù ú nù kí ọmọdé má baà rí i. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ẹnu awò kó jọ ló ń dà lé e lórí. Ó lè sán lójijì, ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì fọ́ kó tó ṣẹ́. Awò tí ẹ bá fẹ́ fi wo oòrùn gbọ́dọ̀ ní ìbòrí tí wọ́n ṣe fún oòrùn, tó bo gbogbo ẹnu rẹ̀ níwájú. Lọ́jọ́ 29 March 2006 tí òṣùpá bo apá ńlá lára oòrùn lójú wa níhìn-ín, gíláàsì páálí tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn ló wà lójú àwọn tó mọ̀. Awò tí kò ní ìbòrí yẹn, ìpalára nìkan ló lè ṣe fún ojú.

Alẹ́ àkọ́kọ́

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fi òpó jíjìn kan tò awò kékeré ìwáǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ohun tí òun ń fi hàn àti ohun tí awò ńlá ń fi hàn jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fo èyí kọjá, òṣùpá pàápàá á nira fún un láti rí. Ẹ gbé awò síta ní ìdajì wákàtí ṣáájú kí ara rẹ̀ lè bá ti afẹ́fẹ́ mu, pàápàá bí ó bá ti inú yàrá oní-AC jáde.

Láago mẹ́jọ alẹ́, ilẹ̀ ti ṣú tó lọ́dọ̀ wa jákèjádò ọdún. Ẹ yan alẹ́ kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí oṣù bá lé. Má ṣe dúró de òṣùpá àràn-mọ́jú. Lálẹ́ náà, ìmọ́lẹ̀ ń bá òṣùpá lójú gan-an, kò sí òjìji. Òṣùpá ìdajì ni òjìji ń gùn lẹ́bàá ìlà tó pín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, ibẹ̀ ni kòtò kọ̀ọ̀kan ti ń jin bí kànga. Ẹ fi léǹsì mm 25 bẹ̀rẹ̀, nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ti rí ohun tí ẹ ń wá tó wà láàárín, ẹ lè fi mm 10 rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn òṣùpá, ẹ wá Júpítà tàbí Sátọ̀n nínú Stellarium. Ní 2025, òrùka Sátọ̀n dojú kọ wá bí ojú abẹ. Ó ti ń ṣí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà, ọdún kọ̀ọ̀kan á sì máa fi í hàn sí i. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé. Àwọn òṣùpá Júpítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í dúró sójú kan. Ẹ yà wọ́n lónìí, ẹ tún yà wọ́n lọ́la, ẹ ó rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ ipò, bí Galileo ṣe rí i.

Ìtọ́jú

Ọ̀rinrin àsìkò òjò ló ń pa awò lọ́dọ̀ wa. Bí ìrì bá sẹ̀ sára rẹ̀, ẹ má nù ún, ẹ má sì dé e: ẹ gbé e wọlé, ẹ dojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ó gbẹ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fi ìdérí dé e. Ẹ máa kó àwọn àpò kéékèèké oníhóró tó máa ń wà nínú páálí bàtà jọ, ẹ fi wọ́n sínú ike tí ẹ ń tọ́jú àwọn léǹsì sí. Ẹ má fi etí aṣọ nu dígí, kódà bí aṣọ náà bá jẹ́ tuntun, nítorí ohun dídán tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Èmi ti fọ tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọdún púpọ̀, pẹ̀lú omi mímọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, láì fọwọ́ ra á. Eruku ọyẹ́ tó bà lé e lẹ́yìn ìyẹn ṣì wà lójú rẹ̀ títí di báyìí, Júpítà kò sì ṣàròyé.